Bàbá Ṣìdí, Ẹja Ń Jóná

Kò sí ohùn akọrin, kò sí ìlù nínú kásẹ́ẹ̀tì yìí,
mandolíìnì nìkan,
okùn mẹ́jọ tó so méjì-méjì
bí ọmọ ìyá tó ń bára wọn jiyàn.

Bàbá mi ló ta á, lẹ́yìnkùlé wa l'Ẹ̀pẹ́,
lálẹ́ ọjọ́ tí ọ̀sà kún dé ìdí ààrò.

Bó bá dé àárín, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ á kọjá,
ìyá mi á ké: “Bàbá Ṣìdí, ẹja ń jóná o!”
Okùn kan á ṣìnà.
Bàbá á rẹ́rìn-ín sínú, á máa ta á lọ.

Alátùn-únṣe kan l'Áyétòrò
ní òun lè yọ ariwo yẹn kúrò,
kí mandolíìnì dá dúró gaara.
Mo gba kásẹ́ẹ̀tì mi.

Ọdún kẹsàn-án rèé tẹ́ja náà ti ń jóná.
N ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ̀ ọ́ kalẹ̀.