Ọjọ́rú Kẹsàn-án

Adájọ́ ní Ọjọ́rú méjìlá.
Èyí ni ìkẹsàn-án, ní Yàbá,
nínú yàrá tí fáànù rẹ̀ ń ké.
Nọ́ọ̀sì Fadérera na ẹ̀rọ sí mi: "Mí sí i."
Mo mí. Òdo.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀, kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mo ní ìgò méjì péré ni.
Bàbá Ṣówándé, tó wa tírélà rí,
wò mí títí.
"Èmi náà, méjì ni mo máa ń kà."

Lónìí, kí kálukú dárúkọ ẹni tó gbá.
Mosúnmọ́lá.
Ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún.
Orúkọ náà há mi lọ́fun.

Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lọ́wọ́ ìyàwó mi.
Mo fẹsẹ̀ rìn dé Ọ̀yìngbò,
ẹsẹ̀ mi méjèèjì.