Mísì

Lọ́jọ́ Jímọ̀, òjò ń lu òrùlé wa ní Ìjọ̀kà, Àkúrẹ́,
mo ń ka ọ̀rọ̀ Fadérera sí Yèyé létí lórí fóònù.
Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́. Ó ti pẹ́ nílùú òtútù,
ọwọ́ rẹ̀ ti gbàgbé àmì orí ọ̀rọ̀.
Mo dé ìlà kan, mo dúró.
"Ó ní òun mísì yín."
"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo rántí Mísì Adégbọ̀rọ̀ tó kọ́ wa ní kíláàsì karùn-ún
ní Òkè-Àró, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹlẹ́mu.
Ó kọ ọ̀rọ̀ tí a fi ń pè é sójú pátákó,
ó ní, "Ọ̀rọ̀ ìṣe ni eléyìí náà."
A rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.
Ẹni tí mọ́tò fi sílẹ̀ ní gáréèjì ti mísì,
ẹni tó sọ òkò sí máńgòrò tí kò bà á,
ẹni tí kò wá sílé ìwé lánàá, òun náà ti mísì.
Ó wá dákẹ́, ó ń wo ojú fèrèsé,
bíi pé ìtumọ̀ kan ṣì kù tí kò fẹ́ fún wa.
Ṣọ́ọ̀kì ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo to gbogbo rẹ̀ fún Yèyé bí ẹní ń to iṣu.
Ó ní, "Tàsé ni.
Lóru tí ẹtu bọ́ lọ́wọ́ bàbá yín ní Ìgbátòrò,
àpò òfìfo ló gbé wálé, ó ní, Mo tàsé.
Ṣé èmi ni Fadérera yìnbọn sí?"

Mo ní rárá o, àárò ni.
"Àárò kẹ̀? Àárò kì í ṣe ohun téèyàn ń ṣe,
òun ló ń ṣe èèyàn.
Mo jókòó jẹ́ẹ́ sórí àpótí, mo ń bó ẹ̀gúsí,
òun ló wọlé wá sọ mí.
Òyìnbó wá sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mi?"

N kò rí èsì fún un. Òjò dá.
Omi ń kán sínú báàfù lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀.
Ó bó ẹ̀gúsí bíi mẹ́wàá sí i kó tó sọ̀rọ̀.

"Bóyá wọn ò kúkú parọ́.
Ọfà tó bá tàsé, ẹni tó ta á ní í wọgbó lọ wá a.
Kọ ìyẹn sí i. Gẹ̀ẹ́sì ni kí o fi kọ ọ́."
Mo gbìyànjú. Mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta.
"Ó dáa, fi í sílẹ̀.
Sọ fún un pé páànù ilé ìdáná ti ń jò,
pé àgbébọ̀ rẹ̀ pamọ mẹ́sàn-án,
àwòdì gbé méjì, ó tàsé ẹ̀kẹta."

Ìyẹn, mo mọ̀ ọ́n kọ.