Ìwé Ológójì Ewé

Nọ́ọ̀sì Oyèbọ̀dé ní kí n ra ìwé ológójì ewé,
kí n máa kọ ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ṣe lọ́la.
Mo ní, "Ọ̀la wo?"
Kò rẹ́rìn-ín. Ó yá mi ní bírò.

Ọjọ́ kìíní, mo kọ: Dìde.
Mo dìde ní aago méjì ọ̀sán,
oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń yan páànù bí ẹ̀pà.
Mo máàkì í.

Ọjọ́ kejì: Fọ ife kan.
Ife kan náà ni mo fọ̀. Àwọn tó kù ń wò mí.

Ìyá ọkọ mi ní ọ̀lẹ ni. Wọ́n ní ayé ló ṣe mí ní Másífà.
Èmi ò mọ orúkọ rẹ̀;
ó ṣáà wúwo bí aṣọ òfì tí òjò pa,
tí n kò rí ibi sá a sí.

Nọ́ọ̀sì tún bi mí: "Kí ló jẹ ọ́ lógún?"
Ojú ewé yẹn wà lófìfo
títí máńgòrò ẹ̀yìnkùlé fi tán lórí igi.

Àfi ìrọ̀lẹ́ tí Ṣíjúadé ojúlé kejì gbé yunifọ́ọ̀mù wá,
ó ti ya lábẹ́ abíyá.
Mo rán an. Ó wọ́.
Ọmọ ní, "Ó ti dáa, mà."
Kò dáa.
Mo tú u, mo tún un rán,
ọwọ́ mi ń gbọ̀n, àbẹ́là ń tán lọ.
Ta ló ní kí n tú u?

Mo kọ ọ́ sí ojú ewé òfìfo náà:
N ò fẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ mi wọ́ lára ọmọ ẹnikẹ́ni.

Lánàá mo kọ: Ṣí ṣọ́ọ̀bù. N ò lè ṣí i.
Mo fagi lé e. Mo kọ: Fi epo sí máṣíìnì.
Epo kán sí mi lẹ́sẹ̀.
Ó ku ewé mọ́kàndínlógún.