Ohun Tó Dì Lẹ́ẹ̀mejì

Òjò dídì ti ń bo Àlámósà láti ọ̀sán,
èmi ni mo ń fi ọkọ̀ ìjọba gbá a kúrò lójú títì.
Mo gbá a lọ, ó tún wálẹ̀.
Mo gbá a bọ̀, ó ti ń dúró dè mí.
Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú
inú mi dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró láti èṣín,
mo páàkì síwájú ilé ìtajà tó wà ní ìkángun Òpópónà Kẹfà,
mo fi iná ọkọ̀ sílẹ̀ kó máa ṣẹ́jú.

Mo mọ fíríìsà ibẹ̀ bí mo ṣe mọ títì.
Ilẹ̀kùn dígí mẹ́sàn-án. Ìkejì kì í tì dáadáa.
Ìkẹfà ni ti bùrítò,
ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tàn mí jẹ fún ọdún mọ́kànlá.
Mo ti ra oní-páálí pupa, tí ẹ̀wà inú rẹ̀ dà bí amọ̀.
Mo ti ra èyí tí wọ́n ya màlúù sí lára,
mo wá màlúù náà títí, n kò bá ìrù.
Mo ti ra méjìlá lówó pọ́ọ́kú:
ajá Eusébio gbóòórùn rẹ̀, ó wo ojú mi, ó lọ sùn.
Àwòrán a máa rẹ́rìn-ín lára páálí;
ta ló jẹ àwòrán yó rí?

Ọmọdékùnrin kan ń to ọ̀dùnkún dídì sórí pẹpẹ,
Távíò ni wọ́n kọ sí àyà aṣọ rẹ̀.
Ó wo ohun tí mo dì mú,
ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń tú àṣírí ọ̀gá rẹ̀:
"Màmá, ẹ má ra ìyẹn."
Ó bẹ̀rẹ̀, ó ti apá bọ ìsàlẹ̀ pátápátá,
lẹ́yìn ẹ̀wà tútù tí ẹnikẹ́ni kì í rà,
ó fa nǹkan funfun kan yọ. Kò láwòrán.
Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́: Ata tútù. Ọ̀dùnkún. Ẹlẹ́dẹ̀.
"Obìnrin méjì ní Àntoníto ló ń dì í.
Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Mo máa ń fi í pamọ́."
"Fún ta ni?"
"Fún ẹni tí ojú rẹ̀ bá rí bí tiyín."

Dọ́là mẹ́ta àti ogójì sẹ́ńtì.

Máíkíróweéfù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọfí.
Ẹ̀yin tó ń jẹ ẹ́ mọ̀ pé ọ̀dàlẹ̀ ni bùrítò:
orí á jó yín létè, ìdí á jó yín lọ́wọ́,
àárín á ṣì le gbagidi
bí inú ìyá ọkọ mi àkọ́kọ́.
Wọ́n dì í, ó sì tún dì;
ẹ̀ẹ̀mejì lèèyàn ń tú u.
Mo tú bébà, mo yí i padà lágbedeméjì,
mo fún un ní ìṣẹ́jú kan sí i,
sùúrù tí n kò rí fún ọmọ rẹ̀.

Mo gé e jẹ.

Ata náà kò pariwo. Ó kọ́kọ́ jókòó,
ó wo yíká ẹnu mi bí àlejò tó mọ̀wà hù,
kó tó dìde.
Ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ ti pẹ́ lórí iná lọ́wọ́ ẹni tí kò kánjú.
Tọ́tíyà náà ní àpá dúdú, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún,
irin gbígbóná gidi ló bu àpá yẹn fún un.
Imú mi ń ṣomi. Mo jẹ́ kó máa ṣe.
Távíò ń yọjú láti ẹ̀yìn ọ̀dùnkún rẹ̀,
kò bi mí ní nǹkan kan.

Mo ra gbogbo mẹ́rin tó kù.
Irọ́ ni. Mẹ́ta ni mo rà.
Mo bẹ̀rẹ̀, mo ti ẹyọ kan padà sẹ́yìn ẹ̀wà.

Títì tí mo gbá ti tún funfun.
Mo to mẹ́ta sórí àga ẹ̀gbẹ́ mi, n kò tan amúlégbóná,
mo sọ abẹ irin kalẹ̀,
mo ń lọ, ètè mi ṣì ń ta mí.