Géèjì Mẹ́ta fún Datsun Bàbá Mi

Súkúrù mẹ́rin ló di ojú ọkọ̀ náà mú.
Mẹ́ta gbà. Ìkẹrin ti dípẹtà,
mo kán ọ́ìlì sí i lórí, mo lọ po kọfí.
Òtútù òde ti wọ ìwọ̀n mẹ́rìnlélógún lábẹ́ òdo,
òkun Kemi ti dì gbagidi, àwọn apẹja ń wakọ̀ lórí rẹ̀.
Nínú gáréèjì, hítà kan ṣoṣo ń kùn sí mi lẹ́sẹ̀.

Dáṣíbọọ̀dù yìí ti purọ́ tó.
Abẹ́rẹ́ bẹntiróòlù a ní ààbọ̀ ṣì kù
títí ọkọ̀ yóò fi kú mọ́ wa lọ́wọ́ nínú igbó Tervola.
Abẹ́rẹ́ eré a máa gbọ̀n bí ọwọ́ ọ̀mùtí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé,
o ò ní mọ̀ bóyá ọgọ́rin lò ń sá tàbí ọgọ́rùn-ún.
Raimo, bàbá mi, mọ̀. Etí ló fi ń wakọ̀.
Ó ní, "Ẹ́ńjìnnì tí ò bá ráhùn, má bi í léèrè."

Èmi ò ní irú etí bẹ́ẹ̀.
Mo ra géèjì mẹ́ta lọ́wọ́ Pentti tó ń tú ọkọ̀ tà ní Tornio:
ọ̀kan fún agbára ọ́ìlì, ọ̀kan fún ooru omi,
ọ̀kan fún bátìrì,
rìbìtì bí ojú òwìwí.
Mo gé pákó tí mo máa tò wọ́n sí
lára ìjókòó sáúnà wa àtijọ́,
níbi tí ìdí bàbá mi ti jẹ́ kó máa dán.

Gbogbo ọkọ̀ ló dakùn délẹ̀ nínú yìnyín ìlú yìí,
a ò mọ èyí tí inú ń run.

Nígbà tí ìkẹrin gbà tán,
mo fa ojú ọkọ̀ náà yọ,
wáyà ń tẹ̀ lé e bí ìfun ẹja.
Mo yí i padà.
Níbẹ̀, níbi tí iná pupa ti ọ́ìlì ń gbé,
téèpù dúdú, ìlọ́po mẹ́ta,
tí ẹnì kan fi èékánná tẹ̀ mọ́lẹ̀ yípo yípo.
Mo mọ èékánná yẹn.

Ẹ́ńjìnnì ráhùn.
Ṣe la pa á lẹ́nu mọ́.

Mo rántí tábìlì wa lóṣù Ọ̀wàrà,
bó ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ àyà
bí ẹni ń wá ìwo-ojú nínú àpò.
Mo ní, "Kí ló dé?"
Ó ní, "Kò sí. Gbé ọ̀dùnkún yẹn sún mọ́ mi."

Òǹkà kìlómítà dúró sí 287,614.
Jarkko ní kí n dá a padà sí òdo,
pé ojú tuntun kì í ru ẹrù àtijọ́.
Mo ní kó mú ọwọ́ kúrò.

Ó di òru kí n tó so wáyà tán.
Mo ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì kí èéfín ráyè,
mo yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì jí,
abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sùn.
Mo bú Pentti, mo bú ìyá Pentti,
kí n tó rí i pé orí ọ̀dà ni mo de wáyà ilẹ̀ mọ́.
Mo pa á. Mo ha ọ̀dà náà títí irin fi funfun.

Mo tún yí kọ́kọ́rọ́, ìdajì péré.
Iná pupa tàn.
Lẹ́yìn gbogbo ọdún tó ti wà nínú òkùnkùn,
gílóòbù náà ò jó.
Mo wò ó pẹ́ kí n tó yí kọ́kọ́rọ́ dópin.
Iná kú, bó ti yẹ kó kú.
Abẹ́rẹ́ ọ́ìlì mí kanlẹ̀, ó dìde:
ọ̀kan, méjì, ó lé díẹ̀ lórí mẹ́ta.
Omi ṣì tutù, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ Ẹtì lèmi náà ti ń fọwọ́ tẹ àyà.
Mo pe ilé ìwòsàn. Ẹ̀rọ ló dáhùn:
kí n padà pè láago mẹ́jọ.
Mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sára pákó, lábẹ́ géèjì àárín: mẹ́jọ.
Àtè téèpù ṣì lẹ̀ mọ́ mi ní ìka.