Ọ̀pẹ̀ Òyìnbó Inú Ike Ọ̀dà

Nígbà tí a jẹ ẹ́ tán, Ìbídùn ò jẹ́ kí n da orí rẹ̀ nù.
"Má mú ọ̀bẹ. Lọ́ ọ lọ́rùn."
Mo lọ́ ọ. Ó jáde.

A bọ́ ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí a fi rí gbòǹgbò wẹ́wẹ́
tó ti ń dúró níbẹ̀ bí èrò tó tètè dé ibùdókọ̀.
Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbẹ lójú fèrèsé;
ẹni tó bá gbìn ín ní tútù, jíjẹrà ni yóò jẹrà.

Ìṣó gbígbóná la fi dá ihò sí ìdí ike ọ̀dà.
Iyanrìn, ilẹ̀ dúdú, èérún pákó tó ti kú
tí mo fi àpò sìmẹ́ǹtì rù wá láti Òkòbàbà.

Alàgbà Ṣówẹ̀mímọ́, onílé, ní ẹlẹ́gùn-ún yìí
ti fa ṣòkòtò òun ya lẹ́ẹ̀mejì.
Mo bẹ̀ ẹ́. Mo sún ike sẹ́yìn.

Àárín ewé ni mo ń bu omi sí,
ibẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ wà.

Ìbídùn kó lọ sí Ìkòròdú.
Òjò rọ̀ ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, ọyẹ́ dé, òjò tún rọ̀.
Ewé, ewé ṣáá.
Díẹ̀ ló kù kí n dà á nù.

Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí nǹkan pupa yọ láàárín rẹ̀,
kò ju ìkúùkù ọmọ ọwọ́ lọ.

Àná ni mo gé e.
Onílé gba ìlàjì, kò dárúkọ ṣòkòtò.
Ìyá rẹ̀ ò ní so mọ́, ewé rẹ̀ ti ń pọ́n,
ṣùgbọ́n ọmọ méjì ti yọ níhàhá rẹ̀.

Mo fi bébà wé orí tuntun náà.
Ìkòròdú ni mò ń lọ.