Ọjọ́rú Ni Mo Bẹ̀rẹ̀

Ọjọ́ Ajé mẹ́rin ni mo ti ná sórí ọ̀rọ̀ yìí,
n kò jèrè kọ́bọ̀.
Ti àkọ́kọ́, òjò.
Ìkejì, ara Fiachra gbóná bí ààrò,
èmi àtọmọ sùn sórí àga kan ṣoṣo ní ọsibítù.
Ìkẹta, mo dé ìta kí n tó rí i
pé sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ mi.
Ìkẹrin, ẹ má bi mí.
Nítorí náà, Ọjọ́rú ni mo bẹ̀rẹ̀,
ọjọ́ tó ti rú tẹ́lẹ̀,
tí ẹnikẹ́ni kì í retí ohun gidi lọ́wọ́ rẹ̀.

Aago mẹ́fà ti kọjá díẹ̀.
Cathal ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn ẹja.
Mo gbé ọmọ lé e láyà
bí ẹni tó dá ẹrù padà fólówó ẹrù.
Ṣòkòtò ìsáré tí mo rà kí n tó lóyún
kọ̀, kò gun ìbàdí.
Mo fà á, ó fà mí.
Mo wọ ti Cathal, mo fi okùn bàtà dì í.

Atẹ́gùn Salthill kì í kíni kó tó gbáni létí.
Láti ilé wa dé ibi tí ọ̀nà etíkun parí,
níbi ògiri tí àwọn ará Galway máa ń ta nípàá
kí wọ́n tó yí padà sílé,
kò ju kìlómítà méjì lọ.
Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún,
mo ń sá a lọ, mo ń sá a bọ̀, mo ṣì ń sọ̀rọ̀.
Lónìí, òpó iná mẹ́ta péré,
àyà mi ń lu ilẹ̀kùn bí ẹni tó wá sin gbèsè.
Ojú ibi tí wọ́n ti gbé Fiachra jáde
máa ń yún mi bí òjò bá ṣú;
ní ìlú yìí, ojoojúmọ́ nìyẹn.
Wàrà ti tú sí mi láyà.
Ọmọ wà nílé,
ọmú ti gbọ́ ẹkún rẹ̀ kí etí mi tó gbọ́.

Ìyá Tierney ń bọ̀, táwẹ̀lì lọ́rùn,
ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin tó ń lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú omi tútù.
“Ọmọ oṣù mélòó?”
“Mẹ́sàn-án.”
“Tèmi ti pé ọdún méjìléláàádọ́ta.
N kò tíì gba ikùn mi padà lọ́wọ́ rẹ̀.”
Ó rẹ́rìn-ín, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú òkun
bí ẹni wọ yàrá ara rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nọ́ọ̀sì gbé Fiachra sórí ìwọ̀n,
ó pàtẹ́wọ́: “Ó ti sanra!”
Ó ní kí èmi náà gùn ún.
Kò pàtẹ́wọ́ mọ́.
Bẹ́ẹ̀, ìkòkò kan náà la ti jẹun,
èmi ni ìkòkò ọ̀hún.

N kò dé ibi ògiri.
Òpó iná keje ni mo dé, orúnkún mi ní ó tó.
Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì,
mo ta òpó náà nípàá.
Ajá kan rí mi. Kò sọ fẹ́nì kan.

Mo délé, bàbá àtọmọ ti sùn lọ lórí àga,
ẹnu méjèèjì là sílẹ̀ bákan náà.
Èèpo búrẹ́dì wà lọ́wọ́ Fiachra,
ó ti fi itọ́ rin ín gbindingbindin.
Mo rọra gbà á, mo jẹ ẹ́ ní ìdúró.
Ẹ má kà á mọ́ mi lọ́rùn.

Ọ̀la, Ọjọ́bọ̀.
Mo gbé bàtà tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná kó lè gbẹ.
Sálúbàtà ni mo kó pamọ́.